Ta Ló Ni Iṣẹ́ Olùkọ́ Èdè Gẹ̀ẹ́sì? Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Ìgbàgbọ́ Márùn-ún inú Ìwé Linguistic Imperialism

Ìfáárà

Láàárín àwọn ìwé tí ó ti dá awuyewuye sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kíkọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, agbára káká ni a fi lè rí èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn tó Linguistic Imperialism, ìwé tí Robert Phillipson kọ, tí ilé-iṣẹ́ Oxford University Press sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1992. Àkọlé ìwé náà kò pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ. Ohun tí òǹkọ̀wé ń wí ni pé gẹ́gẹ́ bí àwọn aláwọ̀ funfun ṣe fi ọmọ-ogun gba ilẹ̀ onílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi èdè gba ọkàn àwọn tí wọ́n ti dá ìjọba padà fún, àti pé iṣẹ́ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú ìwé ìkọ́ni, ìdánwò àti ìwé ẹ̀rí rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ohun èlò tí wọ́n ń lò. Ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ rí fún British Council ni ó kọ ọ́; ilé-iṣẹ́ tí ó ń ta ìwé ìkọ́ni Gẹ̀ẹ́sì káàkiri àgbáyé ni ó tẹ̀ ẹ́. Èyí nìkan tó láti mú kí òǹkàwé fara balẹ̀ tẹ́tí.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ni ọ̀rọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ń wá nínú jọ́nà tí a fi èdè Yorùbá gbé kalẹ̀. Ìdáhùn kò jìnnà. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń gba ìwé ẹ̀rí NCE ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Yorùbá ni ó so Yorùbá pọ̀ mọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á jáde tán, ilé-ìwé tí ó bá gbà wọ́n á ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n máa kọ́, wọn yóò sì gbé Yorùbá pamọ́ bí ẹni gbé aṣọ àná. Ibi tí àpilẹ̀kọ yìí ti takò wọ́n ni pé Yorùbá tí wọ́n gbé pamọ́ náà ni ó yẹ kí ó sọ wọ́n di olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí ó mọ iṣẹ́. Ìwé Phillipson ràn wá lọ́wọ́ láti rí i, ṣùgbọ́n kò mú ọ̀rọ̀ náà dé òpin, ibì kan sì wà tí ó ti ṣi ojú ọ̀nà pátápátá.

Ìpàdé Makerere

Ní oṣù kìíní ọdún 1961, àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Kọmọnwẹ́ẹ̀tì péjọ sí Kọ́lẹ́ẹ̀jì Makerere ní ìlú Kampala, ilẹ̀ Uganda, láti jíròrò lórí kíkọ́ni ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí èdè àkọ́kúntẹni. (Èyí kì í ṣe ìpàdé àwọn òǹkọ̀wé ti ọdún 1962 tí Wọlé Ṣóyínká àti Chinua Achebe wà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a máa da méjèèjì pọ̀.) Oṣù mẹ́ta péré ni Nàìjíríà tíì lò nínú òmìnira nígbà náà, Uganda fúnra rẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Phillipson yẹ ọ̀rọ̀ ìpàdé náà wò, ó sì fa ìgbàgbọ́ márùn-ún yọ níbẹ̀: pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó yẹ kí a fi kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì, pé elédè abínibí ni olùkọ́ tí ó pójú owó jù, pé bí ọmọ bá ṣe tètè bẹ̀rẹ̀ tó ni yóò ṣe gbọ́ ọ tó, pé bí Gẹ̀ẹ́sì bá ṣe pọ̀ tó ní etí ọmọ ni èsì rẹ̀ yóò ṣe dára tó, àti pé bí a bá ń lo èdè mìíràn lọ títí, ìmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò jó rẹ̀yìn. Ìtànjẹ ni ó pe márààrùn-ún.

Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí i pé Phillipson ni ó to ìgbàgbọ́ wọ̀nyí báyìí. Kì í ṣe òfin tí ìpàdé náà kọ sílẹ̀ ní oókan, eéjì, ẹẹ́ta. Iṣẹ́ alámèyítọ́ ni ó ṣe: ó wo ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ, ó sì yọ ohun tí wọ́n gbà láìsọ. Ẹ̀bùn ni èyí jẹ́ nínú iṣẹ́ ìwádìí, ewu sì ni pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tí ó bá fún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn pọ̀ sí gbólóhùn márùn-ún ti pinnu ohun tí olúwarẹ̀ wí kí a tó dé ilé ẹjọ́. Bí ó ti wù kí ó rí, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ wa yóò mọ gbogbo wọn ní àmọ̀dunjú. Èyí tí ó kan owó oṣù olùkọ́ jù lọ ni ìkejì, òun ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ gbé sórí ìwọ̀n.

Elédè abínibí lọ́jà iṣẹ́

Ìjọba ilẹ̀ Jàpáànù dá ètò JET sílẹ̀ ní ọdún 1987 láti máa kó àwọn ọ̀dọ́ òkèèrè wá ran àwọn olùkọ́ èdè lọ́wọ́ ní ilé-ìwé wọn. Orílẹ̀-èdè mẹ́rin ni wọ́n kọ́kọ́ pè: Amẹ́ríkà, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ọsitirélíà àti New Zealand, àwọn ènìyàn 848 ni wọ́n sì gbà ní ọdún náà. Ìwé ẹ̀rí yunifásítì nínú ẹ̀kọ́ yòówù tó. Kò pọn dandan kí ẹni tí ó ń bọ̀ ti kọ́ nípa iṣẹ́ olùkọ́ rí. Ní Gúúsù Kòréà, òfin físà E-2 tí ó wà fún olùkọ́ èdè ya orílẹ̀-èdè méje sọ́tọ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì: Amẹ́ríkà, Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Kánádà, Írẹ́láńdì, Ọsitirélíà, New Zealand àti Gúúsù Áfíríkà. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ lórí Gúúsù Áfíríkà. Nínú ètò ìkànìyàn orílẹ̀-èdè náà, àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé kò tó ẹnìkan nínú mẹ́wàá. Àwọn tí ń sọ Súlú pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì. Síbẹ̀ ìwé ìrìnnà Gúúsù Áfíríkà sọ ẹni tí ó mú un lọ́wọ́ di elédè abínibí ní Seoul. Ṣùgbọ́n bí ẹni kan náà bá yí padà sí London, àkọsílẹ̀ tí àwọn aláṣẹ ìwọ̀lú níbẹ̀ ń lò fún àwọn orílẹ̀-èdè tí Gẹ̀ẹ́sì ti jẹ́ èdè ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà kankan nínú. Elédè abínibí ni ní ibì kan, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yẹ kí ó ṣe ìdánwò ni ní ibòmíràn, ahọ́n rẹ̀ kò sì yí padà nínú ọkọ̀ òfuurufú. Ó hàn gbangba nígbà náà pé “elédè abínibí” tí ọjà ń wí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ọ̀rọ̀ ìwé ìrìnnà ni, ní ọ̀pọ̀ ìgbà ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara sì ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin kì í sọ ọ́ jáde.

Ní ti ìwé ẹ̀rí, èyí tí ó gbajúmọ̀ jù fún ẹni tí ó fẹ́ fi iṣẹ́ yìí rìn kárí ayé ni CELTA ti Cambridge. Gbòǹgbò rẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ méjì tí John Haycraft bẹ̀rẹ̀ ní International House, London, ní ọdún 1962. Lónìí ó ti di nǹkan bí 120 wákàtí, èyí tí a lè parí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wákàtí mẹ́fà nínú rẹ̀ sì ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi kọ́ni níwájú alábòójútó. NCE tiwa gba ọdún mẹ́ta. Ẹ̀kọ́ nípa ọkàn ọmọdé wà nínú rẹ̀, ìtàn ẹ̀kọ́ wà níbẹ̀, sáà kan gbáko sì wà fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n lójú agbanisíṣẹ́ ní Madrid tàbí Bangkok, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ti London ni ó wúwo.

Kò yẹ kí a tìtorí èyí fojú tín-ín-rín wo ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà. Alábòójútó a máa wà níbẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú wákàtí mẹ́fà yẹn, yóò sì sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ lójú ẹsẹ̀ ibi tí ó ti kù díẹ̀ káàtó. Ẹni tí ó bá mọ bí àbẹ̀wò ìdánrawò ṣe máa ń rí ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, níbi tí alábòójútó kan ti ń sáré ká ilé-ìwé mẹ́jọ ní ọjọ́ kan nítorí owó epo, kò ní fi ẹnu ìgbéraga sọ̀rọ̀. Ọdún mẹ́ta tí kò sí ẹni tí ó wo ọmọ lójú lè má ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ.

Phillipson rí gbogbo ètò yìí kedere ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ ń fi ojú fò ó. Ẹgbẹ́ TESOL ti Amẹ́ríkà pàápàá ti gbé ìkéde jáde ní ọdún 1991, ó sì tún un gbé ní ọdún 2006, pé kò tọ́ láti dá olùkọ́ padà nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí rẹ̀. Ìkéde kò tíì di òfin físà. Ibi tí ìwé Phillipson ti fẹ́ lẹ́ ni pé ó fi ẹ̀tọ́ jà fún olùkọ́ tí kì í ṣe elédè abínibí ju bí ó ṣe fi ìmọ̀ jà fún un lọ. Ó sọ pé olùkọ́ bẹ́ẹ̀ ti gba ọ̀nà kan náà tí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń gbà, nítorí náà ó mọ ibi tí òkúta wà. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kí ni àwọn òkúta náà? Ìwé náà kò lè dárúkọ wọn, nítorí pé wọ́n kì í ṣe bákan náà láti èdè kan sí èkejì. Ojú tí àlejò ní, kò fi ríran. Onílé ni yóò fi ọ̀nà hàn án.

Ohun tí olùkọ́ ọmọ Yorùbá mọ̀

Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe “yá”. Ọmọ Yorùbá a máa wí pé “yá mi ní ìwé rẹ”, a sì tún máa wí pé “mo yá ìwé lọ́wọ́ rẹ̀”. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo ni. “Ní” àti “lọ́wọ́” ni ó ń fi hàn bóyá ìwé ń bọ̀ tàbí ó ń lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì pín iṣẹ́ yìí sí ọ̀nà méjì, “lend” àti “borrow”. Nígbà tí ọmọ bá wí pé “borrow me your book”, elédè abínibí yóò sọ fún un pé kò tọ̀nà, yóò sì tún un ṣe. Ọmọ yóò gbà, ní ọ̀la yóò tún wí i. Olùkọ́ tí ó gbọ́ Yorùbá yóò kọ gbólóhùn méjèèjì sí ojú pátákó, yóò fa ọfà sí ọ̀nà tí ìwé ń gbà lọ, yóò sì fi orúkọ Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan sí abẹ́ ọfà kọ̀ọ̀kan. Bákan náà ni “gbọ́” tí à ń lò fún ariwo, fún èdè, àti fún òórùn. Òun ni ó bí “I hear the smell”. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ “ó” kò ya akọ kúrò lára abo, ìdí nìyí tí akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pàápàá fi ń pe ìyá rẹ̀ ní “he” bí ọ̀rọ̀ bá ti ń yára. Àṣìṣe kan tilẹ̀ wà tí ó jẹ́ ọmọlúàbí gan-an: ọmọ tí ó sọ pé “My father, they are sleeping” kò ṣi iye bàbá rẹ̀ kà, ọ̀wọ̀ ni ó gbé wọ inú Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó bá nà án nítorí rẹ̀ ti na ọmọ nítorí ìwà rere.

Èyí tí ó máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí ìyísódì wà nínú rẹ̀. Bí a bá bi Yorùbá pé “Ṣé o kò tíì jẹun ni?”, tí kò sì tíì jẹun, yóò dáhùn pé “Bẹ́ẹ̀ ni”, nítorí pé ó ń gba ohun tí ẹni tí ó béèrè wí gbọ́. Gẹ̀ẹ́sì a máa dáhùn sí òótọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, yóò wí pé “No”. Ní ọ́fíìsì, ní ilé ìwòsàn, ní iwájú adájọ́, ìyàtọ̀ yìí lè mú kí a kọ “ó gbà” sílẹ̀ fún ẹni tí kò gbà. Ó yẹ kí ẹ̀kọ́ yìí ní orí tirẹ̀ nínú gbogbo ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí a ń tà fún ọmọ Yorùbá.

Ní ti ìró, àwọn ọ̀rọ̀ àyálò ni ẹlẹ́rìí tí ó dára jù. Yorùbá kì í gba ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì, kì í sì í gba kọ́ńsónáǹtì ní òpin sílébù. Ìdí nìyẹn tí “bread” fi di búrẹ́dì, tí “class” di kíláàsì. Ìró àkọ́kọ́ nínú “very” kò sí nínú Yorùbá, ti “zoo” kò sí, ìró méjì tí Gẹ̀ẹ́sì ń fi “th” kọ kò sí. “Church” di ṣọ́ọ̀ṣì. Àtòjọ ọ̀rọ̀ àyálò inú Yorùbá jẹ́ àwòrán ilẹ̀ gbogbo ibi tí ahọ́n ọmọ yóò ti kọsẹ̀ nínú Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀fẹ́ sì ni. Olùkọ́ tí ó ti ka Fonọ́lọ́jì àti Gírámà Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ ní ọdún 1990 ní ohun èlò tí ẹni tí ó ti London dé kò ní, àfi bí òun náà bá jókòó kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ ohùn gba ìṣọ́ra ju èyí lọ. Ọmọ tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ ti mọ̀ kí ó tó wọ ilé-ìwé pé gíga ohùn lè yí ìtumọ̀ padà. Nígbà tí a bá fẹ́ kọ́ ọ pé “record” tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ yàtọ̀ sí “record” tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe, a lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó mọ̀: òkè-ìsàlẹ̀ fún ti àkọ́kọ́, ìsàlẹ̀-òkè fún èkejì. Yorùbá fúnra rẹ̀ ti ṣe é nínú tíṣà, níbi tí sílébù tí Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ mọ́lẹ̀ ti gba ohùn òkè. Ṣùgbọ́n ibi ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ju gíga ohùn lọ; a máa fa sílébù gùn, a sì máa fún fáwẹ̀lì àwọn sílébù tí ó kù pa títí tí wọn yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Fáwẹ̀lì Yorùbá kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kálukú ni ó ń jẹ́ orúkọ tirẹ̀ yékéyéké. Olùkọ́ tí ó bá dúró sí òkè-ìsàlẹ̀ yóò kọ́ ọmọ ní orin, kò ní kọ́ ọ ní ìlù. Ibi yìí ni etí tí ó ti gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì látọwọ́ elédè rẹ̀ ti wúlò, a kò sì gbọdọ̀ tìtorí àríyànjiyàn sẹ́ ẹ.

Ìkàléèwọ̀ Yorùbá nínú kíláàsì Gẹ̀ẹ́sì

Ìgbàgbọ́ àkọ́kọ́, pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí a fi kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ju Makerere lọ ní ọjọ́ orí. Maximilian Berlitz dá ilé-ìwé èdè sílẹ̀ ní Providence, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ọdún 1878, ó sì fi í ṣe òfin pé èdè tí à ń kọ́ nìkan ni a gbọ́dọ̀ gbọ́ nínú yàrá. Ọ̀nà yìí ní àǹfààní fún akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní àǹfààní tí ó ju ìyẹn lọ fún oníṣòwò: olùkọ́ tí kò nílò láti gbọ́ èdè akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ṣeé kó láti ìlú kan sí òmíràn bí ẹrù. James Joyce, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Írẹ́láńdì, kọ́ni ní ilé-ìwé Berlitz ní Pola ní ọdún 1904, wọ́n sì gbé e lọ sí Trieste ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ohun tí ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìrọ̀rùn fún ọjà ni ó wá di ìlànà ìmọ̀. Nígbà tí ó dé ilẹ̀ Yorùbá, ó di ìyà: ọmọ tí ó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà ilé-ìwé a san owó ìtanràn, tàbí kí wọ́n gbé pákó kọ́ ọ lọ́rùn pé ó sọ “vernacular”. Kò sí ibi kankan tí Berlitz ti sọ pé kí a gbé pákó kọ́ ẹnikẹ́ni lọ́rùn.

Ìdánwò tí ó tóbi jù tí a ti fi ìgbàgbọ́ yìí àti èyí ìkarùn-ún sí wáyé ní ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Láti ọdún 1970 títí di 1978, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ ìdarí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, pẹ̀lú owó ìrànwọ́ Ford Foundation, ṣe iṣẹ́ àkànṣe ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's “A”, Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàárín àwọn ẹ̀kọ́ mìíràn. Àwọn ọmọ ìfiwéra lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, wọ́n sì bọ́ sínú Gẹ̀ẹ́sì. Èsì rẹ̀, tí Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní ọdún 1989, fi hàn pé àwọn tí Yorùbá gbé dé òpin kò rẹ̀yìn níbì kankan, Gẹ̀ẹ́sì pàápàá pẹ̀lú.

Àwọn tí ń sọ ìtàn yìí a máa gbàgbé ohun kan tí ó ṣe kókó fún olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì: a kò fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún ẹni tí ó bá ráyè. Olùkọ́ tí a kọ́ ní pàtó fún Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n yàn láti máa kọ́ àwọn ọmọ náà. Adébísí Afọláyan, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn òpómúléró iṣẹ́ náà. Nítorí náà, ohun tí Ifẹ̀ fi hàn kì í ṣe pé Yorùbá lè rọ́pò Gẹ̀ẹ́sì. Ó fi hàn pé wákàtí díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kọ́ sàn ju gbogbo ọjọ́ lọ lọ́wọ́ ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ń tàràrà. Ìgbàgbọ́ kẹta àti ìkẹrin ṣubú pọ̀ mọ́ ọn, kò sì nílò àlàyé gígùn: ọmọ tí ó tètè bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ olùkọ́ tí kò mọ̀ ọ́n, àṣìṣe ni ó tètè kọ́, èyí tí ó sì gbọ́ púpọ̀ níbẹ̀, àṣìṣe púpọ̀ ni ó gbọ́. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ibi tí ọ̀bẹ Phillipson kò dé

Ẹni tí ó bá ka Linguistic Imperialism parí yóò rò pé London àti Washington ni ó ń fa gbogbo okùn, tí àwa tí ó kù sì ń jó bí ọmọláńgidi. Èyí ni àléébù tí ó tóbi jù nínú ìwé náà. Suresh Canagarajah, tí ó kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní Jaffna, ilẹ̀ Sri Lanka, fi ìwé tirẹ̀ dáhùn ní ọdún 1999. Ó fi hàn pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ibẹ̀ kò gbé ohun tí a fún wọn mì bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń yí i, wọ́n ń gé e, wọ́n ń fi kún un. Ìdáhùn yìí dára, ṣùgbọ́n fún ilẹ̀ Yorùbá ó ku apá kan. Nínú ìtàn tiwa, kì í ṣe àtakò nìkan ni onílé ń ṣe. Onílé ni ó ń kọ “a kò gba vernacular níhìn-ín” sára ògiri ilé-ìwé aládàáni tí ó dá sílẹ̀. Òbí tí ó jẹ́ olùkọ́ Yorùbá ni ó ń bá ọmọ rẹ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì nínú ilé. Kò sí aṣojú British Council kankan nínú yàrá ìdáná wọn. Òbí wọ̀nyí kì í ṣe òmùgọ̀ pẹ̀lú: wọ́n rí i pé Gẹ̀ẹ́sì ni ìlẹ̀kùn iṣẹ́ ìjọba, báǹkì àti ìrìn-àjò. Àṣìṣe wọn wà nínú bí wọ́n ṣe rò pé a ń gbà dé ìdí ìlẹ̀kùn náà.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí mú kí ọ̀rọ̀ náà gbóná. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà èdè pé èdè abínibí ni kí a fi máa kọ́ni fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni yóò jẹ́ èdè ìkọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ibi ìpàdé àpérò kan tí British Council gbé kalẹ̀ ní Àbújá ni ó ti sọ ọ́. Phillipson ìbá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ tiwa ni ó ṣe ìpinnu náà nínú ìpàdé tiwọn ní Àkúrẹ́, kì í ṣe òyìnbó.

Ìdí tí mínísítà náà fi lé e ni pé àwọn agbègbè tí wọ́n lo èdè abínibí jù ni wọ́n ń fìdí rẹmi jù nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ọ̀rọ̀ yìí yẹ fún ìṣirò kékeré. Ọmọ tí ó ṣe WAEC ní ọdún 2025, bí kò bá tún kíláàsì kankan kà, wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2013. Ìlànà ọdún 2022 bá a ní ilé-ìwé girama. Kò sí bí ìlànà náà ṣe lè jẹ̀bi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ṣáájú ìbí rẹ̀. Bí ẹnìkan bá wá sọ pé ìlànà àtẹ̀yìnwá, èyí tí ó ti wà nínú ètò ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè láti ọdún 1977, ni ó jẹ̀bi, ó di dandan kí ó kọ́kọ́ fi hàn wá ilé-ìwé tí ó tẹ̀ lé e, kí ó sì sọ irú olùkọ́ tí wọ́n fún àwọn ọmọ náà fún Gẹ̀ẹ́sì. Láìsí ìyẹn, Yorùbá, Haúsá àti Ígbò ni wọ́n fi ẹ̀sùn kàn fún iṣẹ́ tí àìtó olùkọ́ ṣe.

Kétu gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ

Àwọn ọ̀dọ́ olùkọ́ tí wọ́n bá fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì jẹun ní òkèèrè kì í sábà rántí pé òkèèrè wà nítòsí. Ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́, ní ilẹ̀ Benin, Yorùbá ni ọmọ ń sọ nílé, Faransé ni ìjọba fi ń kọ́ ọ, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ èdè òkèèrè tí ó ń bá pàdé ní ilé-ìwé girama. Níbẹ̀, olùkọ́ tí ó gba NCE nínú Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì kò ní nílò ìwé ìrìnnà orílẹ̀-èdè méje kí ó tó wúlò. Gbogbo ohun tí a ti sọ nípa “yá”, nípa “gbọ́”, nípa ìdáhùn “bẹ́ẹ̀ ni” yóò bá a sọdá ẹnubodè.

Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ yóò rí ọmọ kan tí yóò kọ ọ́ sínú ìwé pé “I have twelve years”. Olùkọ́ láti Ọ̀yọ́ yóò wá orísun àṣìṣe yìí nínú Yorùbá, kò ní rí i, nítorí pé Yorùbá a máa wí pé “ọmọ ọdún méjìlá ni mí”, èyí tí ó tilẹ̀ súnmọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju ohun tí ọmọ náà kọ lọ. Inú Faransé ni ó ti wá. Faransé ni ó ń sọ pé ènìyàn “ní” ọdún. Ọmọ kan náà yóò lo “library” fún ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé, nítorí pé ọ̀rọ̀ Faransé tí ó jọ ọ́, “librairie”, ilé ìtàwé ni ó ń tọ́ka sí. Bí olùkọ́ náà kò bá gbọ́ Faransé, ẹ̀jẹ̀ Yorùbá tí ó wà lára rẹ̀ kò ní ràn án lọ́wọ́ ju bí ẹ̀jẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ran ará London lọ́wọ́ ní Ìbàdàn lọ. Yóò ní láti ra ìwé gírámà Faransé, kí ó sì jókòó tì í ní alẹ́ kí ó tó máàkì ìwé àwọn ọmọ náà.